Igi Ìwọ́ Àlàní

Nígbà náà, ọ̀nà ọlọ́dà kò tíì dé Ajah. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Igbó Ẹfọ̀n, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn nínú iyanrìn, àfi tó bá rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ gba orí ọ̀sà. Létí ọ̀sà yìí ni ìjọba dá Ọgbà Igi sí. Kì í ṣe oko, nítorí wọn kì í kórè níbẹ̀ lọ sọ́jà. Kì í ṣe igbó, nítorí kò sí igi kan nínú rẹ̀ tí kò ní pátákó nídìí, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ igi náà sí, àti ìlú tó ti wá, àti orúkọ ẹni tó mú un wá.

Làtífátù Odùbánjọ ni olórí ibi tí wọ́n ti ń mú irúgbìn hù. Ọmọ Ìdí Ìṣin ni, abúlé apẹja kan lápá Ajah. Ó ti lé lógójì ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, inú ọgbà náà ló sì ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ohun tí ẹlòmíràn bá gbìn tó kú, tí Làtífátù bá tún un gbìn, á yè. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi láàárọ̀ a máa kì í pé:

Làtí ọlọ́wọ́ ìrì,
Ọmọ a-fọwọ́-kan-gbígbẹ-kó-rúwé,
O kan iyanrìn, iyanrìn bímọ,
O kan kùkùté, ó dìde kí ọ.

Ó fẹ́ràn oríkì yìí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí Ọlọ́run má fi ìyìn dán wa wò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àgbọn ni wọ́n ń kó jọ. Ọ̀gá Dúró, olórí ọgbà náà, ará Ìbàdàn ni. Ó kàwé nípa igi títí dé òkè òkun, síbẹ̀ inú iyanrìn ló máa ń kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì. Ó ti gbọ́ pé àrùn kan ń pa àgbọn níbòmíràn, pé orí igi a kàn já bọ́, a wá ku òpó lásán. Ó ní kí irú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n kó gbogbo irú àgbọn tó wà láti Màrókó títí dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n gbìn wọ́n lórí ìlà kan. Bí irú kan bá parun létí òkun, yóò ṣì kù nínú ọgbà. Àwọn àgbà ọ́fíìsì sì ń bọ̀ wá wo ìlà náà bí òjò bá ti dá.

"Ọ̀kan ló kù," ni Ọ̀gá Dúró wí lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn dúró yí bẹ́ẹ̀dì iyanrìn tí wọ́n ń tẹ́ èso àgbọn sí ká. "Àgbọn pupa, èyí tó kúrú. Wọ́n ní ó wà lápá Ajah, mi ò kàn rí ẹni mú mi dé ìdí ẹ̀."

Làtífátù bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, igi yẹn? Agboolé bàbá mi ló wà. Ẹ ní kí Gàníyù kọ pátákó rẹ̀ sílẹ̀."

"Àǹtí, ẹ ò tíì mú èso ẹ̀ wá."

"Ẹ sáà ní kó kọ ọ́."

Gàníyù tó ń kun pátákó kọ ọ́ lóòótọ́: ÀGBỌN PUPA. ÌDÍ ÌṢIN, AJAH. LÀTÍFÁTÙ ODÙBÁNJỌ LÓ MÚ UN WÁ. Ó rì í mọ́lẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Làtífátù kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Ó gba ibẹ̀ kọjá lọ, ó gba ibẹ̀ kọjá bọ̀.

Igi kan ṣoṣo ni igi tí wọ́n ń wí. Sùlè Odùbánjọ, àbúrò bàbá Làtífátù, ló mú èso rẹ̀ wá láti Àgbádárìgì lọ́dún tí Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Wọ́n sin ìwọ́ ọmọ náà sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbin àgbọn náà lé e lórí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Ìdí Ìṣin nìyẹn: igi tí wọ́n bá gbìn sórí ìwọ́ ọmọ, ti ọmọ náà ni. Èso tó bá já fúnra rẹ̀, ìyá ọmọ lè ṣà á. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í kàn án àfi láti ọwọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń jí máńgòrò gbogbo ilé kì í gbójú sókè wo igi ìwọ́.

Àlàní ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Nígbàkígbà tó bá ti ojú omi dé, kó tó wọlé kí ìyá rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gun igi rẹ̀, yóò gé ṣírí kan lulẹ̀. Bí Àṣàbí bá ti gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé, á mọ̀ pé ọmọ òun ti dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti inú ilé ìdáná. Ó wá di ọjọ́ kan, Àlàní gbé àwọ̀n tuntun bàbá rẹ̀ lọ sójú òkun láìgbàṣẹ, òkun sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bú u níwájú gbogbo apẹja. Ojú ti ọmọ náà, ó gba Àpápá lọ, ó wọ ọkọ̀ òkun. Bàbá rẹ̀ kú lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó sọ pé òun fojú kàn án.

Ọ̀dọ̀ Àṣàbí yìí ni Làtífátù lọ.

"Ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o."

"Làtí mi! Wá jókòó. Ṣé wọn ò tíì fi ọ́ fún igi kan lọ́gbà yín pé kó fẹ́ ọ?"

"Àwọn igi náà ò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi, Ìyá."

"Wọ́n ya ọ̀lẹ nìyẹn." Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Arúgbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

Làtífátù kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó bá wá. Àṣàbí gbọ́ ọ tán.

"Èyí tó ń já, àwọn ọmọ ilé kéú ni mò ń fún ní Jímọ̀, kí wọ́n lè máa fi orúkọ ẹ̀ ṣàdúà. Sàráà arìnrìn-àjò ni. Ṣé kí n wá gbà á lẹ́nu wọn, kí n kó o fáwọn àlejò yín?"

"Èyí tó wà lókè ńkọ́, Ìyá?"

"Àlàní á gé e. Jẹ́ kó dé. Ṣírí àkọ́kọ́ tó bá gé, tìẹ ni, mo ṣèlérí."

"Tí kò bá..." Làtífátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Tí kò bá kí ni? Wí i, kí n gbọ́."

"Mo ní tí kò bá tètè dé."

"Á dé," ni Àṣàbí wí. "Igi ẹ̀ ń so."

Nígbà tí Làtífátù padà sí ọgbà, Gàníyù ló kọ́kọ́ rí i. "Àǹtí, ọwọ́ yín ṣófo! Pátákó yìí ń dúró de ìyàwó o. Ṣé kí n máa fi jókòó jẹun kó tó dé ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, tó bá ti rí orúkọ rẹ̀ níwájú iyanrìn asán, ara rẹ̀ a máa gbóná. Kò lè sọ fún Ọ̀gá Dúró pé wọ́n kọ̀ fún òun nínú agboolé bàbá òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní igi kan ṣoṣo, bí àrùn bá dé, ṣé kò ní parun? Ṣé kì í ṣe oore ni òun fẹ́ ṣe fún Àlàní, kí igi rẹ̀ di púpọ̀? Èèyàn tó bá fẹ́ jalè kì í wá àwáwí tì.

Jímọ̀ ló lọ, nígbà tí gbogbo Ìdí Ìṣin wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó mú dòjé tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń ká èso lọ́gbà. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣírí kan wà lókè tó ti gbó dáadáa, ó pupa bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe gbé ọ̀pá sókè, Bísímílà bọ́ sí i lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí kó tó gé ohunkóhun. Ó gbé e mì. Ó fi dòjé kọ́ igi ṣírí náà láti ìsàlẹ̀, ó fà á, gbogbo rẹ̀ balẹ̀ gbì sórí iyanrìn. Láti mọ́ṣáláṣí ló ti ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù tó ń wáàsí. Ó yára já àwọn èso náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó ju igi ṣírí náà sínú igbó lẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì gba etí omi lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdé rẹ̀.

"Ìyá fún yín?" ni Ọ̀gá Dúró bi í. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di èso kan mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ọmọ tuntun.

"Wọ́n fún mi, Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n kí yín, pé ẹ kú iṣẹ́."

Irọ́ náà kò tilẹ̀ há a lọ́fun. Ó hó èèpo ẹ̀gbẹ́ orí èso kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí èéhù lè rí ọ̀nà yọ, ó tẹ́ wọn sórí ìhà wọn nínú iyanrìn, ó rin wọ́n lómi, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n. Wọ́n kì í lọ́jọ́ náà títí ọ̀fun wọn fi há.

Kò pẹ́ tí Sìlífátù fi wọ ọgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Làtífátù ni, ó ń gbé Ìdí Ìṣin, edé gbígbẹ ló sì ń rù lọ tà fáwọn òṣìṣẹ́. Láti ẹnu géètì ló ti ń ké.

"Àǹtí Làtí! Ẹ dìde! Rárá, ẹ jókòó. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Bùọ̀dá Àlàní ti dé!"

Garawa omi tó wà lọ́wọ́ Làtífátù dúró lófuurufú. "Ta ló rí i?"

"Kò tíì sẹ́ni tó rí i. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi! Ìyá ti mọ́ṣáláṣí dé ní Jímọ̀, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbójú sókè, ṣírí kan ò sí mọ́. Kò já o, wọ́n gé e ni. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì tutù. Ta ló lè gé e? Ẹni tó ni ín náà ni! Ìyá ní ojú ló ń tì í, tìtorí àwọ̀n, tìtorí bàbá tó kú lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní àgbọn yẹn ló fi sọ fáwọn pé òun ti dé, pé òun ń fara pamọ́ sítòsí, kí àwọn tún ilé ṣe de òun." Ó fẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì iyanrìn, Làtífátù sì bọ́ síwájú rẹ̀ kíá. "Àǹtí, kí ló dé? Ẹ ò yọ̀."

"Mò ń yọ̀."

"Ojú yín ò jọ ti ẹni tó ń yọ̀."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn!" Sìlífátù pòṣé. "Ẹ wá lọ sílé lọ́la o. Ìyá ń bèèrè yín. Wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí ṣírí yẹn fún yín, pé bó bá ti wọlé, tiyín ni."

Nígbà tó lọ tán, Làtífátù dúró níbẹ̀. Àwọn èso tó wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ dà bí ojú tó ń wò ó. Ó ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí àṣírí bá tú, wọn yóò pe òun lólè, òun yóò sì bẹ̀bẹ̀. Kò rò ó rárá pé ẹnikẹ́ni lè fi ohun tí òun jí ṣe ayọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ, ó sì ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ó bá Àṣàbí nínú yàrá Àlàní. Arúgbó náà ti kó ẹrù ẹlẹ́rù jáde, ó ti fi ẹfun kun ògiri, ẹfun wà ní imú rẹ̀, ó wà ní gèlè rẹ̀, ó sì ń kọrin bí ẹni tó jẹ́ ọmọge:

Àlàní, ọmọ Sùlè,
Ọmọ atukọ̀-má-wẹ̀yìn,
Ọmọ alágbọn pupa tí í tan ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé,
Òkun pè ọ́, o jẹ́ ẹ;
Ìyá pè ọ́, o jẹ́ ẹ lónìí.
Máa bọ̀, ilé ò tíì kún,
Máa bọ̀, àwọ̀n ò jù ọ́ lọ.

"Làtí! O dé sákòókò. Bá mi di àga yìí mú, kí n kun òkè."

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín kùn ún."

"Èmi ni n ó kùn ún. Ta lo rò pé ó ń darúgbó?" Ó dúró lórí àga, ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́fun méjèèjì sókè. "Ọlọ́run Ọba, O ṣeun. O ò dójú tì mí. Gbogbo àwọn tó ní mo ń bomi rin igi asán, O fi hàn wọ́n. Làtí, ṣe àmín fún mi!"

Làtífátù di ẹsẹ̀ àga mú. "Àmín," ló wí.

"Ṣe é kó dún!"

"Àmín, Ìyá."

Kò sọ ohun tó wá sọ. Ó di àga mú títí ògiri fi funfun tán, ó bá a gbé ẹní wọlé, ó sì lọ. Nígbà tó ń kírun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó forí kanlẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò wí fún Ọlọ́run níbẹ̀. Àmín tó ṣe ló ń dún padà sí i létí. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè, kì í sì í ṣe pé àdúà ló gùn.

Sìlífátù tún kọjá lọ́gbà lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní Bàbá Kàsímù, àgbà apẹja tó jẹ́ ìbátan Sùlè, ti wọ ọkọ̀ láàárọ̀ láti lọ wá Àlàní ní àwọn èbúté tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà. Ó ní Ìyá rán an pé kó máa pariwo orúkọ Àlàní ní gbogbo èbúté tó bá kàn, kó sì máa sọ pé bàbá rẹ̀ ti foríjì í kó tó kú. Bàbá arúgbó yẹn ń tu ọkọ̀ nínú oòrùn, ó ń pariwo sí igbó.

Làtífátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sọ páànù tó fi ń bomi rin ọ̀gbìn sílẹ̀, ó sì fi eré gba Ìdí Ìṣin lọ.

Ilé ìdáná ló ti bá Àṣàbí. Ọbẹ̀ ẹja wà lórí iná. Làtífátù dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kéré.

"Ìyá, Àlàní kọ́. Èmi ni mo gé àgbọn náà."

Àṣàbí wò ó. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́, tó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ẹ̀n! Ó ti bá ọ sọ̀rọ̀! Ọ̀dọ̀ rẹ ló sá lọ, àbí? Inú ọgbà yín!"

"Ìyá, rárá."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Ó fọ́ àwo, Làtí ló ní òun fọ́ ọ. Ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀, Làtí ló tú u. Ìwọ lo ń ru ẹ̀bi ẹ̀ kiri títí wọ́n fi mú ọ lọ sílé ọkọ. Ó ní kó o gba tibí náà mọ́ra kí n má bàa wá òun, àbí? Sọ fún un pé mi ò bínú."

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má fi Ọlọ́run búra nítorí ọmọ mi." Ohùn Àṣàbí rọ̀. "Ìwọ, kó o jalè? Nínú ilé yìí? Làtí tí mo mọ̀? Dìde nílẹ̀, iyanrìn ti bo aṣọ rẹ."

Kò sí èébú tí wọ́n lè bú Làtífátù tí yóò dùn ún tó ìyẹn. Ó dìde. Ó rí i pé orúkọ rere tí òun ní lọ́dọ̀ obìnrin yìí ni kò jẹ́ kó gba òtítọ́ gbọ́, pé òun yóò ní láti fi ọwọ́ ara òun ba orúkọ náà jẹ́.

Ó padà sí ọgbà. Ọ̀gá Dúró wà nídìí ìlà àgbọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Kò pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ìyá yẹn ò fún mi. Mo jí i ni. Mo fẹ́ hú u padà."

Ọ̀gá Dúró bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ ní wọ́n kí mi."

"Mo purọ́."

"Àǹtí, tí bẹ́ẹ̀dì kan bá ṣófo, kí ló burú níbẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ó burú?"

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ọ̀gá Dúró kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, òun náà kúnlẹ̀, wọ́n jọ hú àwọn èso náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀. "Mo yẹ kí n ti bá yín lọ kí wọn," ni Ọ̀gá Dúró wí, bí ẹni tó ń bá iyanrìn sọ̀rọ̀. "Mo kàn fẹ́ kí ìlà yìí pé ni." Gàníyù wá, ó fa pátákó náà tu. Làtífátù ń retí kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Gàníyù kàn dojú pátákó náà bolẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Làtífátù kò fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ọ̀nà ńlá ló gbà wọ Ìdí Ìṣin, lójú ọ̀sán gangan. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ló pàdé níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja rí àgbọn pupa lórí rẹ̀, wọ́n sì dìde.

"Àlàní ti fún un ní tiẹ̀! Ẹ wò ó! Làtí, o kú oríire o! Níbo lẹ ti pàdé?"

"Ẹ dákẹ́," ló ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ariwo wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà Àṣàbí pẹ̀lú orin.

Àṣàbí jáde, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Làtífátù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó wọ inú igbó lẹ́yìn balùwẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó sì fa igi ṣírí náà jáde, èyí tí kò sẹ́lòmíràn tó mọ ibi tó wà. Ó ti ń rọ. Ó gbé e wá síwájú gbogbo wọn, ó sì nàka sókè.

"Ìyá, Àlàní a máa gun igi rẹ̀ ni. Òkè ló ti máa ń gé e. Ẹ wo ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fi dòjé kọ́ èyí."

Àṣàbí gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́. Orin ti dákẹ́. Nígbà tó sọ ojú kalẹ̀, ó wo igi ṣírí náà, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti hó èèpo èso. "Ta ló hó o báyìí?"

"Èmi ni. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́gbà nìyẹn, kó lè hù."

"Nígbà tí mo wà ní mọ́ṣáláṣí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò wá nìyẹn."

"Kò wá."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Àṣàbí fi ọwọ́ wá ibi tí yóò jókòó sí, ó rí àpótí, ó jókòó. Òórùn ọbẹ̀ ń ti ilé ìdáná bọ̀. Ẹfun tó kù ní èékánná rẹ̀ ni ó ń yọ, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ na mí. Ẹ bú mi."

"Mo ti sọ fún lèmọ́mù," ni Àṣàbí wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ti gbàdúà ọpẹ́ síta. Mo ti sọ fún ilé ìsàlẹ̀, mo ti sọ fún ilé òkè. Mi ò ní ẹnu tí n ó fi kó o padà. Ìwọ ni kó o lọ."

"Kí n lọ sọ fún wọn?"

"Láti ilé dé ilé. Má sọ pé mo ṣì í rò. Má sọ pé arúgbó ni mí. Sọ ohun tó o ṣe."

"Àgbọn yìí ńkọ́, Ìyá?"

"Mo ní kó o lọ."

Làtífátù lọ. Ilé lèmọ́mù ló kọ́kọ́ kàn. Bàbá náà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan ju "Ọlọ́run á tọ́ ọ sọ́nà" lọ. Nílé kejì wọ́n ní kó wọlé wá mu omi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́. Nílé kan, ọkùnrin kan rò pé ó ń ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó wá dákẹ́. Sìlífátù kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ẹ̀yin?" ló wí. "Èmi tí mò ń pariwo kiri! Nígbà tí mo wà lọ́gbà yín, ṣé ó wà níbẹ̀? Ṣé ibi tí mo fẹ́ jókòó sí ni?" Làtífátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Sìlífátù ti ilẹ̀kùn.

Nídìí ààrò ẹja, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Síbẹ̀ ó dúró, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán an. Obìnrin kan tó sanra, tó mọ oríkì rẹ̀, gbé ẹja padà sórí iná. "Ọlọ́wọ́ ìrì," ló wí, "ọmọ a-fọwọ́-kan-igi-ìwọ́." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ilé tán. Ó ku ẹnì kan tí kò tíì gbọ́, ẹni náà sì wà lójú omi. Làtífátù lọ jókòó sí èbúté láti dè é. Àwọn apẹja tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀ sún ìdí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọn kò lé e. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ Bàbá Kàsímù yọ lẹ́yìn koríko omi. Ó ń tu ọkọ̀ bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rí i lókèèrè, ó gbé àjẹ̀ sókè. Ohùn rẹ̀ ti há, nítorí orúkọ tó ń pè láti àárọ̀.

"Làtí! Mi ò rí i o! Mo dé gbogbo èbúté! Ṣé ó ti wálé?"

Làtífátù dìde. "Kò wálé, Bàbá. Èmi ni mo gé àgbọn náà."

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí ojú rẹ̀. Bàbá Kàsímù gbé ọwọ́ sí etí. "Kí lo wí?"

Àwọn apẹja ti dáwọ́ àwọ̀n dúró. Làtífátù kó ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi títí ó fi dé orúnkún, kí àgbà náà má bàa fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó gbọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké ọ̀rọ̀ kan náà síta.